Ta Ni Ó Ni Fágúnwà?

Ẹ̀yin abiyamọ, bí ọmọ yín bá gbé Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ ti ilé ẹ̀kọ́ wọlé ní Ogudu níbí, ó ṣeé ṣe kí ará ilé kan sọ fún yín pé ìwé òrìṣà ni, kí ẹ tètè dá a padà. Ẹlòmíràn á ní ìwàásù ni ó kún inú rẹ̀. Ta ni kí ẹ gbà gbọ́?

Ẹ kọ́kọ́ wo ẹni tí ó kọ ọ́. Òkè-Igbó ni a bí D. O. Fágúnwà sí lọ́dún 1903. Ifá wà nínú orúkọ ìdílé rẹ̀, Oròwọlé ni a sì ń pè é kí ó tó di Ọlọ́runfẹ́mi. Àwọn òbí rẹ̀ gba ìgbàgbọ́. Òun náà kọ́ṣẹ́ olùkọ́ ní St. Andrew's, Ọ̀yọ́. Àwọn ìjọ C.M.S. ni ó tẹ ìwé náà jáde lọ́dún 1938. Ìjọ tí ó ń wàásù lòdì sí oògùn ni ó tẹ ìtàn ọdẹ tí ń jẹ́ Àkàrà-ògùn!

Nítorí náà, kò yà mí lẹ́nu pé apá méjèèjì ń fà á. Onígbàgbọ́ ń tọ́ka sí àdúrà ọdẹ náà àti ọ̀rọ̀ ìyànjú Ìrágbèje, ó ní ìrìn àjò Kristẹni inú ìwé Bunyan ni a tún rìn. Oníṣẹ̀ṣe ní àwọn iwin, ọfọ̀ àti egbére wọ̀nyẹn, inú àlọ́ àwọn baba òun ni wọ́n ti wá. Nígbà tí Wole Soyinka túmọ̀ ìwé náà sí Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 1968, kò pe irúnmalẹ̀ ní èṣù; ọ̀rọ̀ Gíríìkì àtijọ́ kan ni ó lò, èyí tí ó lè jẹ́ ẹ̀mí rere tàbí búburú. Ó bójú mu lójú tèmi. Ìtumọ̀ Bíbélì ni ó ti sọ Èṣù tiwa di Sátánì, ọ̀ràn náà kò sì tíì tán nílẹ̀.

Àwọn tí ó ní kí a má ṣe fọwọ́ kàn án rárá ni n kò lè bá lọ. Púpọ̀ nínú wọn kò kà á.

Ẹ jókòó ti ọmọ náà. Níbi tí ọdẹ bá ti ké pe Ẹlẹ́dàá, ẹ bi í léèrè ìdí rẹ̀. Níbi tí ó bá ti pe ọfọ̀, ẹ sọ ohun tí àwọn baba ńlá yín ń fi í ṣe fún un, yálà ṣọ́ọ̀ṣì ni ẹ ń lọ tàbí mọ́ṣáláṣí. Àgbàkò olójú mẹ́rìndínlógún nìkan ni mo bẹ̀ yín kí ẹ má kà fún ọmọ kékeré lálẹ́.