Pákó Bẹ́ẹ̀dì Rẹ Ti Wà Láàyè Rí

Ṣé o ti rí ìyẹ̀fun lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì rí, tí ihò wínníwínní sì wà lára igi rẹ̀? Ó lè má jẹ́ ikán ló wà nídìí rẹ̀ o. Kòkòrò kékeré kan wà tó máa ń ṣe bẹ́ẹ̀, oúnjẹ tí igi tọ́jú pamọ́ nígbà tó ṣì wà láàyè ló sì ń wá.

A máa ń rò pé inú igi ti kú pátápátá. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀: àwọn ihò tíntìntín tó ń gbé omi lọ sókè láti gbòǹgbò, sẹ́ẹ̀lì tó ti kú ni wọ́n. Ṣùgbọ́n sẹ́ẹ̀lì alààyè wà láàárín wọn. Nínú igi ilẹ̀ olóoru bíi tiwa, wọ́n sábà máa ń tó nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta.

Kí ni iṣẹ́ wọn? Àkọ́kọ́, àká ni wọ́n. Ṣúgà tí ewé bá fi oòrùn sè ni wọ́n ń sọ di sítáàṣì, irú èyí tó wà nínú ẹ̀gẹ́. Tí ìrókò bá wọ́wé nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, inú àká yìí ló ti ń bù láti rúwé tuntun. Ìkejì, tí wọ́n bá ṣá igi ládàá, àwọn ni wọ́n ń wú wọ inú ihò omi tó wà nítòsí, tí wọ́n á dí i pa, kí àrùn má bàa ráyè wọlé. Ti oṣè tiẹ̀ tún yàtọ̀: sẹ́ẹ̀lì alààyè ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, omi ló sì kún inú wọn. Ìdí nìyẹn tí a kì í fi í la pákó.

Ikú wọn gan-an tún wúlò. Bí igi ṣe ń dàgbà, àwọn tó wà láàárín á ná sítáàṣì wọn tán, wọ́n á fi pèsè oje tí kòkòrò kò fẹ́ràn, kí wọ́n tó kú. Ibẹ̀ ló máa ń ṣú lára ìrókò, tó sì máa ń pẹ́. Etí rẹ̀ tó funfun ṣì ní sítáàṣì nínú, ibẹ̀ sì ni kòkòrò ń jẹ. Ti arère le jù, nítorí funfun ni tinú-tòde.

Nítorí náà, kó o tó sanwó àga, wo etí pákó rẹ̀. Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Ṣùgbọ́n tó bá ti di pákó, sún mọ́ ọn dáadáa.