Tẹ́tẹ́ Abala Kejì

Ẹni tí ó bá ta tẹ́tẹ́ lórí abala kejì eré bọ́ọ̀lù gbọ́dọ̀ gbàgbé gbogbo góòlù tó wọlé ṣáájú ìsinmi, nítorí òdo sí òdo ni onítẹ́tẹ́ yóò tún ti bẹ̀rẹ̀ ìṣirò. Níbi àṣekágbá ife Champions League ní Istanbul, lóṣù Karùn-ún ọdún 2005, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Milan, ẹkùn ilẹ̀ Ítálì, ti fi góòlù 3 sí òdo gun Liverpool lórí kí wọ́n tó lọ sinmi. Ṣùgbọ́n bí a kò bá kú, ìṣe ò tán: Gerrard ti Liverpool fi orí kan tirẹ̀ wọlé, Smicer tẹ̀ lé e, Dida, aṣọ́lé Milan, sì gbá pẹnáritì Alonso dànù, àmọ́ Alonso sáré tún un gbá sáwọ̀n, gbogbo rẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú 6. Ọ̀mì ni fún ẹni tó ta odindi eré, ṣùgbọ́n ẹni tó ta abala kejì fún Liverpool (ta ni yóò tilẹ̀ láyà bẹ́ẹ̀?) ti jẹ. Àfikún àkókò àti pẹnáritì tó gbé ife fún Liverpool kò kan tẹ́tẹ́ yìí.