Róbọ́ọ̀tì lórí ìkànnì tó ń sanwó: bí a ṣe lè dá wọn mọ̀, àti ohun tó yẹ ká ṣe

Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ní Djidjolé àti káàkiri Lomé ló ti gbọ́ pé íntánẹ́ẹ̀tì ń sanwó. Òótọ́ ni. Àwọn ìkànnì kan wà tó máa ń pín owó fún ẹni tó bá kọ nǹkan tí àwọn èèyàn fẹ́ràn. Ṣùgbọ́n ìbéèrè tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa, àwọn tó fẹ́ di olùkọ́ lọ́la, máa ń bi wá rèé: kí ló dé tí ẹni tó fi ọjọ́ mẹ́ta kọ̀wé kò rí nǹkan kan, tí ẹni tó kọ ìlà méjì sì gba owó rẹpẹtẹ? Lọ́pọ̀ ìgbà, róbọ́ọ̀tì ló wà nídìí ẹ̀.

Kí ni róbọ́ọ̀tì?

Kì í ṣe ẹ̀rọ onírin tó ń rìn kiri là ń wí o. Ètò kọ̀ǹpútà ni, tó ń lo àkáǹtì bí ẹni pé èèyàn ni. Kì í sùn, kì í rẹ̀ ẹ́. Kì í sì í ṣe gbogbo wọn ló burú. Lórí ìkànnì Steem, róbọ́ọ̀tì kan wà nígbà kan rí tó ń jẹ́ Cheetah. Bí ẹnì kan bá da ìwé oníwèé kọ, Cheetah máa ń fi ibi tí ó ti rí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ hàn lábẹ́ rẹ̀ nígbà náà. Èyí tó ń fi irọ́ bu owó ni ìṣòro wa.

Inú ìkòkò kan náà ni gbogbo wa ti ń bu

Ẹ jẹ́ ká dúró lórí Steem yìí, torí ọ̀rọ̀ ibẹ̀ yé èèyàn dáadáa. Ned Scott àti Dan Larimer ló dá a sílẹ̀ ní ọdún 2016, àwọn ọmọ Nàìjíríà púpọ̀ sì wọ ibẹ̀. Lójoojúmọ́ ni ètò náà ń dá owó tuntun sílẹ̀, tó sì ń kó apá kan rẹ̀ sínú àpò kan. Bí ẹ bá kọ nǹkan, àwọn èèyàn á dìbò fún un. Lẹ́yìn ọjọ́ 7, a ó pín owó. Ìbò ẹni tó ti kó owó Steem pamọ́ púpọ̀ máa ń wúwo ju ti ẹni tí kò ní lọ.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà ni pé àpò náà kì í tóbi sí i torí pé ìbò pọ̀. Bí róbọ́ọ̀tì bá bu ṣíbí kan, ọbẹ̀ ẹlòmíràn ló dín.

Ìgbà tó yá, àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í fi róbọ́ọ̀tì ta ìbò. Ẹ ó fi owó ránṣẹ́ sí i pẹ̀lú líǹkì iṣẹ́ yín, òun á sì dìbò fún yín. Ìbò kíkún mẹ́wàá ni irú àkáǹtì bẹ́ẹ̀ lè dì lójúmọ́ kí agbára rẹ̀ má baà lọ sílẹ̀, ìyẹn ẹyọ kan ní wákàtí 2 àti ìṣẹ́jú 24. Gbogbo ẹni tó bá sanwó láàárín àkókò yẹn ló máa pín ìbò kan ṣoṣo náà, bí owó oníkálukú bá ṣe tó. Bí olówó kan bá já wọlé ní ìṣẹ́jú ìkẹyìn, ẹni tó san 10 lè gba 7 padà. Ẹni tó rà á pàdánù, ẹni tó tà á jèrè, kò sì sẹ́ni tó ka iṣẹ́ náà.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 2019, wọ́n yí òfin padà. Ìpín àwọn tó ń dìbò kúrò ní 25 nínú ọgọ́rùn-ún, ó di 50, kí ó lè sàn fún èèyàn láti kàwé kó sì dìbò ju kó ta ìbò rẹ̀ lọ. Wọ́n tún fún gbogbo èèyàn ní ìwọ̀n ìbò àtakò kan lọ́fẹ̀ẹ́. Kó tó dìgbà náà, ẹni tó bá tako irọ́, agbára ìbò ara rẹ̀ ló ń ná. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà: nígbà tí àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í lo ìbò àtakò yìí, ọ̀pọ̀ róbọ́ọ̀tì tó ń ta ìbò ló palẹ̀ mọ́. Nígbà tí Hive yapa kúrò lára Steem ní 20 oṣù kẹta ọdún 2020, ó mú àwọn òfin náà dání.

Àwọn ìkànnì yòókù ńkọ́?

Ọ̀rọ̀ kan náà ni. Ní 2023, X bẹ̀rẹ̀ sí í sanwó nítorí ìpolówó tó ń hàn láàárín èsì tí àwọn èèyàn ń kọ. Ni èsì tí kò nítumọ̀ bá ya bo ibẹ̀. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2024, X kéde pé ìṣesí àwọn tó ń san owó Premium ni òun máa fi ṣírò rẹ̀ báyìí. YouTube ní tirẹ̀ ń béèrè fún alábàápín 1,000 àti wákàtí 4,000 ìwòran láàárín ọdún kan kó tó pín owó ìpolówó fidio gígùn. Bí ẹ bá ra alábàápín ayédèrú, wọ́n lè pa wọ́n rẹ́, kí wọ́n sì ti àkáǹtì yín.

Báwo la ṣe ń dá wọn mọ̀?

- Ọ̀rọ̀ tó bá ibi gbogbo mu ni wọ́n ń kọ. Ẹ kọ̀wé lórí gààrí, wọ́n ní «Iṣẹ́ ńlá, ẹ máa bá a lọ!»
- Ẹ gbé iṣẹ́ gígùn jáde, èsì dé láàárín ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta. Ìgbà wo ló kà á?
- Tọ̀sán-tòru ni àkáǹtì náà ń ṣiṣẹ́, kò sì ní nǹkan kan tó jẹ́ tirẹ̀.

Bí kò bá dá yín lójú, ẹ bi í léèrè nǹkan kan pàtó tó wà nínú ìwé yín.

Kí ló yẹ ká ṣe?

Ẹ má jà pẹ̀lú róbọ́ọ̀tì, ẹ má dá a lóhùn. Ẹ fi ẹjọ́ rẹ̀ sùn, kí ẹ sì dínà mọ́ ọn. Ẹ má ra ìbò. Kí ẹ tó fi Flooz ránṣẹ́ síbì kankan, ẹ ṣírò iye tó máa wọlé, kí ẹ ka owó mẹ́gà mọ́ ọn.

Ẹ ṣọ́ kọ́kọ́rọ́ yín. Lórí Hive, èyí tí wọ́n ń pè ní posting tó láti kọ̀wé àti láti dìbò. Èyí tó ń jẹ́ active ló ń gbé owó, owner ló sì ni gbogbo ilé. Líǹkì tí róbọ́ọ̀tì jù sílẹ̀ tó bá ń béèrè méjì tó kẹ́yìn yìí, olè ni. Bí owó bá lọ, kò sí báńkì tí ẹ máa lọ bá.

Ẹ fi òdodo lo ìbò àtakò. Kì í ṣe ohun ìjà fún ẹni tí ẹ ò fẹ́ràn. Kí àwa náà má sì sọ ara wa di róbọ́ọ̀tì, ká máa lẹ ọ̀rọ̀ tí a kò kà sábẹ́ iṣẹ́ oníṣẹ́ nítorí owó.

Àwọn tó ń kọ Yorùbá sórí íntánẹ́ẹ̀tì kò pọ̀. Bí ọ̀kan nínú wọn bá jáwọ́ torí pé róbọ́ọ̀tì ló ń gba owó, gbogbo wa la pàdánù. Nítorí náà, bí ẹ bá rí iṣẹ́ gidi, ẹ kà á, ẹ bi ẹni tó kọ ọ́ ní ìbéèrè kan, kí ẹ sì dìbò fún un.