Ẹja Tí A Kò Ní Jẹ: Ìsinmi Apẹja Létí Odò Náílì

Àìrìnjìnnà ni àìrí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ni ó jẹ́ pé bí àkókò ìsinmi wọn bá tó, ilé baba wọn ni wọn yóò gbà lọ, tàbí kí wọn jókòó sílé kí wọn máa gba àlejò títí ìsinmi yóò fi di iṣẹ́ mìíràn. Ṣùgbọ́n àwọn kan wà káàkiri ayé tí wọ́n ń tu owó jọ fún ọdún kan gbáko nítorí kí wọn lè lọ dúró létí odò nínú aginjù, kí wọn ju ìwọ̀ sómi, kí wọn bá ẹja ńlá wọ̀yá ìjà, kí wọn fà á dé etí bèbè, kí wọn sì tún dá a padà sínú ibú.

Etí ọmọ Yorùbá kò fẹ́ gba irú ọ̀rọ̀ yìí. Ta ni yóò mú ẹja tó ọmọ ènìyàn, tí yóò tún fi í sílẹ̀, tí yóò wá lọ ra oúnjẹ jẹ? Síbẹ̀, ẹni tí ó bá fara balẹ̀ yóò rí i pé ọ̀rọ̀ náà ní ìdí, àti pé ó kan ilẹ̀ Nàìjíríà pàápàá.

Níbi tí odò ti há

Ọ̀kan nínú àwọn ibi tí irú àwọn apẹja bẹ́ẹ̀ ń wọ́ lọ ni igbó ìpamọ́ ẹranko Murchison ní orílẹ̀-èdè Ùgáńdà. Níbẹ̀ ni odò Náílì, bí ó ti ń ti adágún Victoria bọ̀ lọ sí adágún Albert, ti bá àpáta pàdé. Gbogbo omi ńlá náà fún ara rẹ̀ gba ojú ihò kan tí kò fẹ̀ ju nǹkan bí mítà 7 lọ, ó sì já wálẹ̀ tó nǹkan bí mítà 43 pẹ̀lú ariwo bí ààrá. Ní ọdún 1864 ni Samuel Baker, ará Gẹ̀ẹ́sì, àti aya rẹ̀ dé ibẹ̀, tí wọ́n fi orúkọ Roderick Murchison pè é. Ní ọdún 1952 ni ìjọba sọ igbó náà di ọgbà ìpamọ́. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1954, ọkọ̀ òfúrufú tí ó gbé òǹkọ̀wé Amẹ́ríkà nì, Ernest Hemingway, já lulẹ̀ nítòsí ibẹ̀. Èkejì tí ó wá gbé e tún gbiná. Orí kó o yọ nínú méjèèjì, ó sì gba ẹ̀bùn Nobel ní ọdún kan náà.

Ìsàlẹ̀ omi tí ń já yìí ni ẹja tí a ń wí gbé ń ba. Àwọn onímọ̀ ń pè é ní Lates niloticus. Ó lè gùn tó mítà 2, kí ìwọ̀n rẹ̀ sì tó 200 kìlógíráàmù. Àwọn Haúsá ń pè é ní giwan ruwa, èyí tí ó túmọ̀ sí erin inú omi, nítorí kì í ṣe Náílì nìkan ni ó ń gbé: ó wà nínú odò Ọya pẹ̀lú.

Ètò ṣáájú ìrìn-àjò

Ilé ni à ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Àkókò ni ohun àkọ́kọ́ tí arìnrìn-àjò yóò yẹ̀ wò. Láti oṣù kìn-ín-ní dé oṣù kẹta ni ẹ̀ẹ̀rùn máa ń mú níbẹ̀; omi a lọ sílẹ̀, ojú rẹ̀ a sì mọ́. Ẹni tí ó bá fẹ́ àsìkò yìí ní láti tètè sọ fún ilé àlejò, nítorí yàrá kì í pọ̀ nínú igbó.

Lẹ́yìn èyí ni ìwé. A gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ ìwọ̀lú kí a tó kúrò nílé, kí a sì mú káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára ibà pọ́njúpọ́njú lọ́wọ́. Oògùn ibà kò ṣe é gbàgbé. Láti Kampala dé inú igbó náà tó nǹkan bí 300 kìlómítà.

Ní ti owó, ibẹ̀ ni ẹni tí kò bèèrè gbé máa ń kábàámọ̀. Owó yàrá yàtọ̀ sí owó ìwọlé ọgbà, èyí tí a ń gbà fún wákàtí 24 kọ̀ọ̀kan; ìwé àṣẹ ìpẹja tún yàtọ̀, owó ọkọ̀ ojú omi náà yàtọ̀. Nítorí náà, kí arìnrìn-àjò bèèrè gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kí a sì kọ ọ́ sílẹ̀ fún un.

Kí ọ̀pá ìwọ̀ yi, kí okùn rẹ̀ lágbára. Kí aṣọ má ṣe jẹ́ aláwọ̀ búlúù tàbí dúdú, nítorí àwọ̀ méjèèjì yìí ni ó ń fa eṣinṣin tsetse mọ́ra, èyí tí í fa àrùn oorun. Ọ̀nì pọ̀ nínú odò náà. Kò sí ẹni tí ó gbọ́dọ̀ fi ẹsẹ̀ wọ omi. Bí ilẹ̀ bá ṣú, erinmi a jáde wá jẹko títí dé àgbàlá ilé àlejò. Nítorí náà, kí àlejò má ṣe dá rìn lóru láìsí olùṣọ́. Ẹni tí ó bá ka ìkìlọ̀ amọ̀nà sí ìbẹ̀rù ojo lè má padà wá ròyìn.

Ìdí tí a fi ń dá a padà

Abo ni èyí tí ó pọ̀ jù nínú àwọn ẹja tí ó tóbi jù lọ, ọ̀kan ṣoṣo sì lè yé ẹyin lọ sí àràádọ́ta ọ̀kẹ́. Ẹni tí ó bá pa irú ẹja bẹ́ẹ̀ ti jẹ irúgbìn. Nítorí náà, kì í gbé e kọ́ ní ẹnu. Inú omi ni a ti ń yọ ìwọ̀, a ó sì kọ orí rẹ̀ sí ìhà tí omi ti ń ṣàn bọ̀, títí yóò fi mí dáadáa tí yóò fi fúnra rẹ̀ lọ.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ní ìhà kejì. Láàárín ọdún 1907 àti 1912 ni a kó àwọn ènìyàn kúrò ní agbègbè náà nítorí àrùn oorun. Ilé wọn di igbó, igbó di ọgbà. Lónìí, ọmọ ọmọ wọn tí ó bá lọ da àwọ̀n síbẹ̀ láìgba àṣẹ di arúfin, nígbà tí àlejò olówó ń fi ẹja kan náà ṣeré. Òfin Ùgáńdà pàṣẹ pé kí ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún owó ìwọlé ọgbà máa lọ sọ́dọ̀ àwọn ará abúlé tí ó yí i ká. Ìyẹn dára, ṣùgbọ́n ẹni tí ebi ń pa kì í fi ìdá owó ìwọlé se ọbẹ̀. Bí wọ́n kò bá rí èrè ìpamọ́ náà lójú, wọn kò ní bá ìjọba ṣọ́ ọ.

Kainji ńkọ́?

Ohun tí à ń wá lọ sí Sókótó ń bẹ nínú àpò ṣòkòtò. Nígbà tí ìsédò Kainji parí, tí a sì ṣí i ní ọdún 1969, omi bo Bussa àtijọ́, nítòsí ibi tí Mungo Park kú sí ní ọdún 1806, ènìyàn tí ó lé ní 40,000 sì fi ilé wọn sílẹ̀ nítorí iná mànàmáná. Adágún ńlá ni a rí gbà, giwan ruwa sì wà nínú rẹ̀. Igbó ìpamọ́ Borgu wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, tòun ti ilé àlejò létí odò Oli. Kwara ni Borgu wà títí di ọdún 1991 tí a fi í kún ìpínlẹ̀ Niger, tí Kaiama àti Baruten sì kù sí Kwara.

Lónìí, kò sí ẹni tí ó lè gba ọ̀rẹ́ rẹ̀ níyànjú pé kí ó lọ fi ìwọ̀ ṣeré nínú igbó Kainji, nítorí àwọn agbébọn ti sọ ọ́ di ibùba. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2025, ìjọba àpapọ̀ kéde pé ọwọ́ ti tẹ olórí ẹgbẹ́ Mahmuda. Síbẹ̀, ní oṣù kọkànlá ọdún náà, a tún jí àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ gbé ní Papiri, ní ìjọba ìbílẹ̀ Agwara.

Kì í ṣe pé a ń dárúkọ Murchison láti fi wá tiwa lẹ́gàn. Nígbà ìjọba Idi Amin àti lẹ́yìn rẹ̀, a pa àwọn erin ibẹ̀ dé bi pé díẹ̀ ni ó ṣẹ́kù. Lẹ́yìn náà ni àwọn ọlọ̀tẹ̀ Joseph Kony dá ẹ̀rù sílẹ̀ nínú igbó náà títí di nǹkan bí ọdún 2006 tí wọ́n kúrò ní Ùgáńdà. Ẹni tí ó bá dé ibẹ̀ nígbà náà yóò sọ pé ó ti parí. Kò parí. A lé àwọn ọlọ̀tẹ̀, a ṣọ́ erin, a tún ilé kọ́, àlejò sì padà.

Omi Kainji kò tíì gbẹ, ẹja rẹ̀ kò sì tíì tán. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ń tu owó jọ fún Náílì lónìí kò ṣẹ̀. Kí ó lọ, kí ó wò, kí ó sì rántí ohun tí ó rí. Ọjọ́ tí òṣìṣẹ́ kan láti Ìlọrin bá lè gbé ọ̀pá ìwọ̀ rẹ̀ lọ sí etí odò Oli, kí ó sun oorun àsùnwọra níbẹ̀, kí àwọn ọmọ abúlé sì jẹ nínú owó tí ó ná, ọjọ́ náà ni a ó tó sọ pé àwọn tí omi lé kúrò ní ilé wọn rí èrè ohun tí wọ́n fi sílẹ̀.