Blackcurrant Kì Í Ṣe Ẹ̀jẹ̀ o



Ní Sátidé kan, arábìnrin kan kó àwọn rìsíìtì rẹ̀ wá bá mi níbi tí a ti ń gbani nímọ̀ràn. Owó iná ti fẹ́ bò ó mọ́lẹ̀, ó fẹ́ kí a jọ ṣírò owó ilé. Iṣẹ́ àkáǹtì ni mo kọ́, nítorí náà rìsíìtì ni mo máa ń kọ́kọ́ wò kí n tó béèrè ọ̀rọ̀. Mo rí i pé ìgò omi blackcurrant mẹ́rin ló ń rà lọ́sẹ̀. Mo ní, "Àbúrò mi, ta ló ń mu gbogbo èyí?"

Òun àti ọmọ rẹ̀ ọlọ́dún mẹ́ta ni. Ó wà nínú oyún oṣù mẹ́fà. Mídíwáìfù ti sọ fún un pé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò tó, wọ́n sì fún un ní oògùn ẹ̀jẹ̀, ìyẹn iron. Oògùn náà ń dà á nínú rú, ló bá pa á tì. "Àǹtí, ẹ ò rí bí omi yìí ṣe pupa ni? Ẹ̀jẹ̀ ni yẹn."

Mi ò rẹ́rìn-ín o. Ohun tí ìyá tèmi náà sọ fún mi nìyẹn nígbà tí mo bí àkọ́bí mi. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò kúrò lọ́kàn mi, mo bá lọ wo ohun tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ti rí nípa èso yìí.

Èso dúdú wẹ́wẹ́ ni blackcurrant, orí igi kúkúrú ló ti ń so. Mọ̀lẹ́bí rẹ̀ ni redcurrant àti gooseberry. Ribes nigrum ni orúkọ tí àwọn onímọ̀ ń pè é, inú orúkọ yẹn ni wọ́n ti yọ Ribena. Ní àwọn ọdún 1930, ní ilé ìwádìí Long Ashton ti Yunifásítì Bristol, Vernon Charley ń wá bí wọ́n ṣe lè fún omi èso kí ó sì dára fún mímu. Wọ́n rí i pé fítámì C pọ̀ nínú blackcurrant gan-an. Ní 1938, ilé iṣẹ́ kan ní Bristol bẹ̀rẹ̀ sí í tà á ní Ribena. Kò pẹ́ tí ogun fi dé. Àwọn ọkọ̀ ogun abẹ́ omi ti Jámánì kò jẹ́ kí ọsàn ráyè wọ Britain mọ́, ni ìjọba bá ní kí àwọn àgbẹ̀ gbin blackcurrant, wọ́n sì ń pín omi rẹ̀ fún àwọn ọmọ kéékèèké. Ẹ ò rí i pé orúkọ rere yẹn kì í ṣe irọ́.

Gíráàmù 100 èso blackcurrant tútù ní bíi mílígíráàmù 180 fítámì C. Ti ọsàn jẹ́ bíi 50, redcurrant bíi 40, gooseberry kò tó 30. Ní ìlànà ilẹ̀ yìí, àgbàlagbà nílò 40 lóòjọ́, ọmọ ọdún 1 sí 3 nílò 30. Ẹ̀kúnwọ́ kékeré kan ti tó.

Ṣùgbọ́n èso ni mo ń sọ o, n ò tíì sọ ti ìgò. Ooru, afẹ́fẹ́ àti ìmọ́lẹ̀ máa ń ba fítámì C jẹ́, bí ó bá sì ti ń pẹ́ nílẹ̀ ló ń dín kù. Ní 2004, àwọn ọmọbìnrin méjì nílé ẹ̀kọ́ sẹ́kọ́ńdìrì kan ní New Zealand fi iṣẹ́ sáyẹ́ǹsì wọn wo iye fítámì C tó wà nínú oríṣiríṣi omi èso. Wọ́n rò pé àwọn tó pọ́ọ́kú ni kò ní dára. Ribena tí wọ́n ti pò sílẹ̀ fún mímu ni wọ́n rí i pé fítámì C rẹ̀ kò tó nǹkan. Ọ̀rọ̀ náà dé ilé ẹjọ́ ní Auckland ní 2007. Ilé iṣẹ́ GlaxoSmithKline, tó ni Ribena nígbà náà, gbà pé àwọn jẹ̀bi ẹ̀sùn 15, wọ́n sì san owó ìtanràn dọ́là 217,500 ti ibẹ̀. Wọ́n ní Ọsirélíà àti New Zealand nìkan ni ọ̀rọ̀ náà kàn. Ó dáa. Èmi ò bá ẹnikẹ́ni jà. Ohun tí mo rí dì mú níbẹ̀ ni pé ìpolówó ń sọ̀rọ̀ nípa èso, àwọn ọmọ wọ̀nyẹn sì wo inú ìgò.

Àwọ̀ pupa ńkọ́? Èròjà kan tí wọ́n ń pè ní anthocyanin ló ń fà á. Irú rẹ̀ náà ló pa ìṣápá tí a fi ń ṣe sóbò láró. Kò ní nǹkan ṣe pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀. Iron tó wà nínú èso náà fúnra rẹ̀ kéré, ká má tíì sọ omi tí a là mọ́ omi. Ohun tí fítámì C lè ṣe ni pé ó máa ń ran ara lọ́wọ́ láti gba iron tó wà nínú ẹ̀wà àti ẹ̀fọ́. Olùrànlọ́wọ́ ni, kò lè dípò oògùn. Tíì ní tirẹ̀ máa ń dí i lọ́wọ́, nítorí náà ẹ má fi tíì lo oògùn ẹ̀jẹ̀.

Mo ní kí arábìnrin náà padà lọ sọ òótọ́ fún mídíwáìfù rẹ̀. Ojú ń tì í, ó rò pé wọ́n á bá òun wí. Wọn ò bá a wí. Wọ́n pààrọ̀ oògùn náà fún un. Ẹ jọ̀ọ́, bí oògùn bá ń yọ yín lẹ́nu, ẹ sọ. Ní Íńgílándì, aláboyún kì í sanwó oògùn tí dókítà bá kọ, títí di oṣù 12 lẹ́yìn ìbímọ, bí ó bá ti gba ìwé rẹ̀. Ẹ bi mídíwáìfù yín léèrè.

Ó ku ti ọmọ. Inú fídà ló ti ń mu ún, ó tún ń mú un sùn, eyín iwájú rẹ̀ sì ti ń dúdú. Ṣúgà ló ń ba eyín jẹ́, èyí tí wọ́n kọ pé kò ní ṣúgà sì ṣì kan, ìkan náà kò dára fún eyín. Ní Íńgílándì, eyín jíjẹrà ló ń gbé àwọn ọmọ ọdún 5 sí 9 lọ sí ọsibítù ju ohunkóhun lọ. Omi lásán àti mílíìkì ni kí ọmọ máa mu. Ọ̀fẹ́ ni ìtọ́jú eyín lábẹ́ NHS fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18. Ẹ yí ẹ̀yìn ìgò kí ẹ kà á bí ẹ ṣe ń ka ìwé báńkì: iye ṣúgà tó wà nínú mílílítà 100 ni wọ́n kọ síbẹ̀, ẹ wá fi iye tí ọmọ ń mu gan-an sọ ọ́ di púpọ̀.

Bí ẹ bá wà nínú oyún tàbí tí ẹ ní ọmọ tí kò tíì pé ọdún 4, tí owó tó ń wọlé sì kéré, ẹ béèrè nípa káàdì Healthy Start; ní Scotland, Best Start Foods ni, ti ọmọ tí kò tíì pé ọdún 3. A lè fi ra mílíìkì, ẹ̀wà, ẹ̀fọ́ àti èso, títí kan èso dídì inú fírísà. Kì í ra omi inú ìgò. Mo bá a ṣírò rẹ̀: owó ìgò mẹ́rin yẹn lóṣù tó láti dín gbèsè iná rẹ̀ kù.

Ẹni tó bá ní ilẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìnkùlé lè gbìn ín. Ilé ìwádìí James Hutton, nítòsí Dundee, ló ń mú irú tuntun jáde, wọ́n sì ń fi orúkọ àwọn òkè Scotland pè wọ́n, bíi Ben Lomond àti Ben Hope. Òtútù tí à ń ráhùn sí yìí gan-an ni igi náà nílò kó tó lè yọ òdòdó dáadáa, ìdí nìyẹn tí àwọn onímọ̀ fi ń wá irú tó lè fara da ìgbà òtútù tí kò tutù tó mọ́. Nígbà òtútù, ẹ gé ọ̀pá rẹ̀ bíi 25 sẹ̀ǹtímítà, kí ẹ rì í mọ́lẹ̀. Ọdún àkọ́kọ́ tí tèmi so, ẹyẹ ló jẹ ẹ́ tán. Mo ti ra àwọ̀n báyìí.