Dùùrù Inú Ṣọ́ọ̀ṣì: Bí Fèrè Òkèèrè Ṣe Pàdé Ohùn Yorùbá

Ẹ̀yin olùkọ́ àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, bí ènìyàn bá ti Ṣàpọ́n gba ìhà Aké lọ ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ìsinmi, etí rẹ̀ kò ní ṣàì gbọ́ orin ìsìn. Àwọn kan ń lu ìlù, àwọn kan ń pàtẹ́wọ́, àwọn mìíràn sì ń kọrin tẹ̀lé dùùrù. Ìbéèrè tí a fẹ́ gbé yẹ̀ wò nìyí: báwo ni dùùrù ṣe di ohun èlò ìsìn láàrin wa? Kí ni ó fún wa, kí ni ó sì gbà lọ́wọ́ wa?

Orúkọ rẹ̀ pàápàá ní ìtàn. Nínú Bíbélì Yorùbá, ohun èlò olókùn tí Dáfídì ń ta fún Sọ́ọ̀lù ọba ni a pè ní dùùrù. Nígbà tí ohun èlò tí a ń fi ìka tẹ̀ dé inú ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn ènìyàn wa fa orúkọ kan náà mọ́ ọn, wọ́n sì pe ẹni tí ń tẹ̀ ẹ́ ní atẹdùùrù.

Dùùrù onífèrè ni bàbá gbogbo wọn. Ẹni tí ó bá ti wọ ilé àgbẹ̀dẹ rí kò ní pẹ́ mọ bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́. Ẹwìrì ń bẹ nínú rẹ̀ tí ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú àpótí ńlá kan. Lórí àpótí náà ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ fèrè dúró sí, òmíràn jẹ́ igi, òmíràn jẹ́ tánganran tí a pò mọ́ òjé. Bí atẹdùùrù bá fi ìka tẹ pátákó kan, ojú ihò fèrè kan yóò ṣí, afẹ́fẹ́ yóò wọlé, fèrè yóò sì fọhùn. Fèrè tí ó gùn ní ohùn ìsàlẹ̀, èyí tí ó kúrú ní ohùn òkè. Bí a bá sì gé gígùn fèrè sí méjì, ohùn rẹ̀ yóò gòkè ní ìpele mẹ́jọ gbáko. Nítorí náà ni a fi lè rí fèrè tí ó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 16 àti èyí tí kò ju ìka ọwọ́ lọ nínú dùùrù kan ṣoṣo. Kí iná mànàmáná tó dé, ènìyàn ni ó máa ń wà lẹ́yìn dùùrù tí yóò máa fín ẹwìrì náà títí ìsìn yóò fi parí.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni a bí dùùrù sí. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ní Alẹkisáńdíríà, ní ilẹ̀ Íjíbítì, ni Ctesibius, ọmọ Gíríìkì, ti ṣe dùùrù onífèrè tí ìtàn kọ́kọ́ mọ̀, ní nǹkan bí ọ̀rúndún kẹta ṣáájú ìbí Kristi. Omi ni ó fi ń mú kí agbára afẹ́fẹ́ rẹ̀ dúró déédéé. Ní ọdún 757 ni ọba Kọnstantinópù fi dùùrù ránṣẹ́ sí Pépín, ọba àwọn Fráńkì, gẹ́gẹ́ bí ẹ̀bùn. Ohun ìdárayá ààfin ni nígbà náà. Ẹ̀yìn ọ̀la ni ó di ti ilé ìsìn. Èyí fi hàn pé ilẹ̀ Áfíríkà ni dùùrù ti gbéra, kí ó tó ti òkè òkun padà dé ọ̀dọ̀ wa.

Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1843 ni Henry Townsend kọ́kọ́ wọ Abẹ́òkúta. Ní 1846 ni òun àti Àjàyí Crowther wá tẹ iṣẹ́ Ìjọ dó. Orin ìsìn bá wọn wọlé, pẹ̀lú àwọn ohùn orin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Dùùrù onífèrè wọ́n, ó sì wúwo, nítorí náà dùùrù kékeré tí a ń fi ẹsẹ̀ fín ni ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì wa lò. Nígbà tí Ifọ́lé lé àwọn òyìnbó kúrò nílùú ní 1867, orin kò bá wọn lọ. Ó ti di tiwa.

Ní Èkó, Robert Coker, tí ó kọ́ ẹ̀kọ́ orin ní Jámánì, wà lára àwọn ọmọ ilẹ̀ wa tí ó kọ́kọ́ tẹ dùùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì Kristi tí ó wà ní Marina. Ní 1914 ni Ekúndayọ̀ Phillips gba iṣẹ́ náà níbẹ̀, kò sì fi í sílẹ̀ títí di 1962. Ọdún 48 gbáko!

Níbi tí ọ̀ràn wà nìyí. Èdè Yorùbá ní ohùn òkè, ohùn àárín àti ohùn ìsàlẹ̀. Bí a bá yí ohùn padà, ìtumọ̀ yí padà: ìlù kì í ṣe ìlú, ọkọ́ kì í sì í ṣe ọkọ̀. Ìyá ìlù dùndún lè fa ohùn láti ìsàlẹ̀ lọ sókè bí ẹnu ènìyàn, ṣùgbọ́n fèrè kọ̀ọ̀kan nínú dùùrù ní ohùn kan péré. Nígbà tí a fi ọ̀rọ̀ Yorùbá sínú ohùn orin tí a ti ṣe fún èdè Gẹ̀ẹ́sì, ohùn orin a máa gòkè níbi tí ọ̀rọ̀ ti ń sọ̀kalẹ̀. Ìjọ ń kọrin tọkàntọkàn, ṣùgbọ́n àjèjì tí ó gbọ́ Yorùbá kò ní mọ ohun tí wọ́n ń wí bí kò bá rí ìwé.

Ẹ̀gbá ní ìpín nínú àtúnṣe rẹ̀. Àlùfáà Josiah Ransome-Kuti, tí a bí ní 1855, ṣe àwọn orin tí ohùn wọn tẹ̀lé ohùn ọ̀rọ̀. Ní 1922 ni ó kọ 43 nínú orin rẹ̀ sínú àwo ní Lọ́ńdọ̀nù. Phillips náà ṣe ìwádìí lórí bí ọ̀rọ̀ àti orin Yorùbá ṣe so pọ̀, ó sì tẹ ìwé rẹ̀ jáde ní 1953. Ọmọ ẹgbẹ́ akọrin rẹ̀ ni Fẹlá Ṣówándé ti jẹ́ rí. Ṣówándé gba oyè gíga ẹgbẹ́ àwọn atẹdùùrù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1943, ó sì fi ohùn orin ilẹ̀ wa kọ iṣẹ́ fún dùùrù, bí Ọbáńgíjì àti Òyígíyigì. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Ayọ̀ Bánkọ́lé, tí ó kú ní 1976, tún gbé ẹrù náà.

Àwọn kan ní kí a sọ dùùrù nù nítorí pé ti òyìnbó ni. Àwọn mìíràn ní kí ìlù dúró sóde ilé Ọlọ́run. Àwa rò pé àṣìṣe ni méjèèjì. Kì í ṣe fèrè ni ó da ọ̀rọ̀ wa rú; ohùn orin tí a yá láìwọ̀n ni. Ẹ̀wù tí a kò rán mọ́ni kò lè báni mu, ṣùgbọ́n a kì í torí rẹ̀ bínú sí abẹ́rẹ́.

Ewu mìíràn tún wà. Ooru àti ọ̀rinrin ń mú kí igi dùùrù wú, awọ ẹwìrì rẹ̀ ń gbó, ikán àti eku kò sì mọ ohun mímọ́. Fèrè tí ó dákẹ́ kì í tún ara rẹ̀ ṣe. Bí a kò bá kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní títẹ̀ àti ní títúnṣe, ohun tí àwọn baba wa fi owó ribiribi rà yóò di ibùgbé eku.

Nítorí náà, ẹ̀yin olùkọ́, ẹ mú orin kan lọ sí kíláàsì. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ kọ́kọ́ sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́nu, kí wọ́n tó kọ ọ́ lórin, kí wọ́n sì tọ́ka sí ibi tí ìtumọ̀ ti yẹ̀. Ibẹ̀ ni atẹdùùrù ọ̀la yóò ti kẹ́kọ̀ọ́ pé ọ̀rọ̀ ni ó yẹ kí ó ṣíwájú, kí fèrè máa tẹ̀lé e.