Àlọ àti Àbọ̀ Sẹ́ẹ̀lì: Bí Sẹ́ẹ̀lì Ìbora Ṣe Ń Di Sẹ́ẹ̀lì Arìn

Àwọn sẹ́ẹ̀lì tí ó bo awọ ara àti inú ìfun kì í rìn káàkiri. Wọ́n tò létòlétò, ọ̀kan fara ti èkejì bí búlọ́ọ̀kù ara ògiri. Sẹ́ẹ̀lì ìbora ni a ó máa pè wọ́n níhìn-ín. Síbẹ̀, ní ọdún 1982, Gary Greenburg àti Elizabeth Hay ní Amẹ́ríkà fi hàn pé bí a bá fi irú sẹ́ẹ̀lì bẹ́ẹ̀ sínú kọ́lájìn, ó lè pa ìrísí dà, kí ó sì di sẹ́ẹ̀lì arìn. Kí ni ó ń yí padà nínú rẹ̀?

Púrótéènì tí à ń pè ní E-cadherin ni ó so àwọn sẹ́ẹ̀lì ìbora pọ̀. Apá kan rẹ̀ yọ síta, ó di ti aládùúgbò mú. Apá kejì so mọ́ àwọn okùn tín-ín-rín tí ó gbé sẹ́ẹ̀lì ró láti inú. Nígbà tí àmì bíi TGF-β bá ti ìta dé, púrótéènì tí ń jẹ́ Snail á pọ̀ sí i. Snail á lẹ̀ mọ́ ẹnu ọ̀nà jíìnì E-cadherin, á sì pa á lẹ́nu mọ́, gẹ́gẹ́ bí àwọn onímọ̀ ní Sípéènì ti fi hàn ní ọdún 2000. Ìdìmú á tú. N-cadherin á gba ipò E-cadherin, vimentin á pọ̀ nínú sẹ́ẹ̀lì, sẹ́ẹ̀lì náà á gùn tẹ́ẹ́rẹ́, á sì máa gé ọ̀nà níwájú ara rẹ̀. Àyípadà yìí kò nílò kí DNA fúnra rẹ̀ yí padà. Àwọn jíìnì tí sẹ́ẹ̀lì ń lò ni ó pààrọ̀.

Ìrìn yìí kì í ṣe àrùn. Nínú ọlẹ̀, àwọn sẹ́ẹ̀lì kan ń kúrò lẹ́bàá ibi tí mùdùnmúdùn ọ̀pá ẹ̀yìn ti ń dàgbà, wọ́n sì ń lọ di iṣan ìmọ̀lára, egungun ojú àti sẹ́ẹ̀lì tí ń fún awọ ní àwọ̀. Wilhelm His ti ṣàkíyèsí orísun wọn nínú ọlẹ̀ adìyẹ ní ọdún 1868.

Ọgbọ́n kan náà ni sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ lè lò láti kúrò nínú kókó, kí ó sì wọ inú ẹ̀jẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá dé ibòmíràn, ó sábà máa ń padà sí ìwà ìbora kí ó tó lè dá kókó tuntun sílẹ̀. Nítorí náà, oògùn tí ó kàn ń dá sẹ́ẹ̀lì padà lè ran èyí tí ó ti rin ìrìn-àjò lọ́wọ́ láti fìdí múlẹ̀. Ọ̀rọ̀ yòówù tí a bá yàn fún àyípadà yìí ní Yorùbá, ó yẹ kí ó gba àlọ àti àbọ̀ mọ́ra.